Akọ Agbọ́n Tí A Kò Mọ Ilé Rẹ̀

Agbọ́n tí Mojíbọ́lá rí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Kì í ta ènìyàn. Bó bá bà lé ọ lápá, o kò ní mọ̀. Inú àpò ẹyin aáyán ló ń yé ẹyin tirẹ̀ sí, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ọmọ aáyán run níbẹ̀ kí wọ́n tó rí ìmọ́lẹ̀.

Ara nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ilé ìdáná ló ti kọ́kọ́ rí i, nínú ilé tó háyà yàrá sí ní Bàrígà, lọ́dún tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Báyọ́lọ́jì ló fi kọ́ àwọn ọmọ Ṣómólú títí orí rẹ̀ fi funfun. Ó wo gbogbo ìwé tó ní. Kò rí agbọ́n yìí nínú wọn.

Ó gbé e lọ bá Rilwan ní yunifásítì. Rilwan ti jókòó nínú kíláàsì rẹ̀ rí. Ó ti di olùkọ́ àgbà báyìí. Òun náà wò ó, ó wá a títí. Ó ní, "Mà, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ eléyìí lórúkọ. Ẹ̀yin lẹ máa kọ nípa rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún un lórúkọ."

Kíkọ náà kì í ṣe iṣẹ́ eré. Ènìyàn á ka oríkèé ìwo tín-ín-rín tó wà lórí rẹ̀, á wọn ìyẹ́, á ya àwòrán irun ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú kan ni Mojíbọ́lá fi ṣe é. Gílókómà ti mú ojú ọ̀tún lọ, ó sì ti ń yọ́ rìn bọ̀ wá sí tòsì. Gbogbo àdúrà rẹ̀ kò ju pé kí iṣẹ́ náà parí kí tòsì tó lọ.

Nígbà tó fi ránṣẹ́, èsì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ní ó dára, àmọ́ abo ni gbogbo rẹ̀. Akọ dà? Kí ó mú akọ wá láti ibi tí abo ti wá gan-an. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kò ní gbà á.

Akọ agbọ́n yìí sì ṣọ̀wọ́n bí omi ẹ̀rọ.

Mojíbọ́lá gbé ìgò kan sórí pẹpẹ ilé ìdáná, ó pe àwọn ará ilé. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fín oògùn aáyán fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ẹni tó bá rí àpò ẹyin aáyán, tó rí bí ẹ̀wà pupa kékeré, kí ó jù ú síbẹ̀.

"Tíṣà," Mùtíù tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá sọ, "àwọn kan ń sin adìẹ, àwọn kan ń sin ẹja. Aáyán wá ni tiyín?"

"Agbọ́n ni mò ń wá, kì í ṣe aáyán."

"Háà! Agbọ́n tún kẹ̀? Ó kúkú sàn ká máa sin aáyán!"

Ìyá Wonder, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti tíṣà, béèrè pé, "Mà, ṣé agbọ́n yẹn ń pa aáyán lóòótọ́?"

"Ó ń pa á."

"Kí ló wá dé tí aáyán ṣì ń gun ìkòkò ọbẹ̀ mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ìgò ń kún. Ó ń mú àpò ẹyin kọ̀ọ̀kan sínú ìgò kékeré tirẹ̀, ó ń fi òwú dí ẹnu rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sára pé: Ilé ìdáná wa, Bàrígà. Aáyán jáde nínú òmíràn. Òmíràn kò bí nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, akọ jáde. Òun nìkan ló jáde nínú àpò rẹ̀. Ìyókù kú sínú. Ìwo orí rẹ̀ gùn ju ti abo lọ, irun sì yí i ká.

"Ọkọ ìyàwó ti dé, mà!" Rilwan pariwo bó ti wò ó tán lọ́jọ́ kejì.

Mojíbọ́lá sọ ọ́ fún àwọn ará ilé nírọ̀lẹ́. Mùtíù fò sókè.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo mọ̀ pé ti Fádèyí ló máa ṣe é!"

"Fádèyí wo?"

"Ìsọ̀ tí mo ti máa ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, mà. Aáyán ibẹ̀ sanra ju tiwa lọ."

Ìyá Wonder pòṣé. "Fádèyí kọ́, Fádèyẹn ni. Èyí tí mo kó lẹ́yìn àpótí ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Àdúrà wà lára tèmi."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi," Faridah aránṣọ wí. "Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ọkọ mi ní Ṣómólú ni tèmi ti wá. Gúlùù ìwé ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Aáyán tó mọ̀wé!"

Mojíbọ́lá jókòó sórí àpótí. "Ilé ìdáná wa ni mo ní."

"Ẹ ní ẹni tó bá rí, mà," Mùtíù wí. "Tiwa ò tó, la bá ràn yín lọ́wọ́."

Ó rò ó wò. Lóòótọ́, kò sọ ọ́. Ó ti rò pé ẹni tó gbé ìgò sí ilé ìdáná ti sọ ọ́ tán.

"Àpò ta wá ni akọ yìí ti jáde?"

Oníkálukú ní tòun ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà. Faridah kúnlẹ̀. "Mà, ẹ kọ Bàrígà jàre. Ta ló máa lọ bi aáyán léèrè?"

Ká ní ìkà ni wọ́n ṣe, ì bá bú wọn. Oore ni wọ́n ṣe. Akọ Fádèyí lè jẹ́ ti agbọ́n mìíràn tó kàn jọ tirẹ̀. Bí òun bá fi fún abo Bàrígà, irọ́ lòun so yìgì fún, orúkọ òun á sì wà lára irọ́ náà títí ayé.

Ó pe Rilwan lórí fóònù.

"Mà, ẹ kọ Èkó. Kò sí irọ́ níbẹ̀, Èkó ni gbogbo rẹ̀."

"Èkó tóbi, Rilwan."

"Ojú yín ńkọ́, mà?"

"Mo ní Èkó tóbi."

Ó ha Bàrígà kúrò lára ìgò akọ náà. Ó kọ síbẹ̀ pé: A kò mọ̀. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fúnra òun ni yóò wá inú ilé ìdáná lọ́tẹ̀ yìí, òun nìkan.

Òórùn oògùn pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Wonder ti fi gèlè di imú, agolo oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aáyán sùn gbalaja káàkiri ilẹ̀.

"Mà, ẹ má wọlé o! Ẹ ti rí ọkọ fún un, àbí? A ní ká tètè fín in kára tu gbogbo ilé. Mo ti gbá àpò ẹyin wọn tó kù, mo ti sun ún."

Mojíbọ́lá wo ilẹ̀. "Ẹ ṣé," ló sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ìgò tuntun, ó lọ sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ní Bàrígà kan náà. Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," Mojíbọ́lá wí, "ṣé aáyán wà ní ilé ìdáná yín?"

Obìnrin náà dìde. "Aáyán? Nílé tèmi? Ta ló rán yín sí mi láàárọ̀ yìí?"

"Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Agbọ́n kan ló wà tí..."

"Agbọ́n tún ti dé! Mà, àgbà ni yín, mi ò fẹ́ rí yín fín. Ẹ máa lọ."

Ó ti ilẹ̀kùn. Mojíbọ́lá kọjá sí ilé tó tẹ̀ lé e.