Owó Yàrá Wa Lọ́wọ́ Ejẹ́ǹtì

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe. O ní òfin ti wà báyìí pé kí ejẹ́ǹtì ilé máa ya owó oníbàárà sọ́tọ̀ ní báńkì, kó má dà á pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ó mà dáa o! Ṣé ẹni tó ń bẹ̀rù òfin ni èyí tó gba owó tèmi?

Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Onílé wa ní Ṣàngó, ní Ìlọrin, ní ká kó jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé ìyàwó wá síbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kí bàbá yín àgbà ráàyè, èmi ni mo ń wá ilé kiri. Mo bá kan ejẹ́ǹtì kan ní Táíwò Road, ọmọ apá ìlú wa, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi yàrá méjì hàn mí. Ó ní onílé ibẹ̀ rìnrìn àjò, kí n fi owó náà sọ́dọ̀ òun títí yóò fi dé.

Mo ní, "Rìsíìtì ń kọ́, bọ̀dá?"

"Háà, ìyàwó wa! Amáánà ni mo gbà á!"

Ẹni tó bá gbé Ìlọrin mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ìyá arúgbó tó kọ́kọ́ gbà wá sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà-Ọba, bí èèyàn bá gbé owó amáánà, ìyẹn owó ìfọkàntán, fún un pa mọ́, àkísà ọ̀tọ̀ ló máa ń dì í sí. Bí ebi tilẹ̀ ń pa á, kò ní tú u. Owó tí o gbé sílẹ̀ gan-an, tòun ti ìdọ̀tí ara rẹ̀, ni wàá bá níbẹ̀. Ohun tí mo rò nìyẹn tí mo fi kó owó fún un. Mi ò mọ̀ pé ẹnu lásán ni ọmọ ìlú wa fi yá ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìlọrin.

Onílé dé, kò rí kọ́bọ̀. Mo lọ bá ejẹ́ǹtì, ó ní lọ́la. Ọ̀la dé, ó ní ọ̀túnla. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ìsìn bá ti ń parí báyìí, á gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yọ. Mo wá rí páànù tuntun tó ń dán yinrin lórí ilé tó ń kọ́. Mo gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

"Bọ̀dá, ṣé abẹ́ páànù yẹn lẹ tọ́jú owó mi sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Owó kì í kú, ìyàwó wa. Ẹ jókòó, ẹ máa gbà á lónìí yìí."

Mo jókòó. Kò pẹ́, tíṣà kan àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún kó owó ilé tiwọn wá. Ó gbà á, ó ní amáánà ni, ló bá nà án sí mi lójú wọn.

"Ẹ gbà. Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Owó dọ́wọ́ mi. Òjò ti ń ṣú níta. Mo wo ikùn obìnrin yẹn, inú bí mi.

"Owó ta nìyí?"

"Owó yín ni!"

"Irọ́ ni. Tiwọn ni." Mo kó o lé obìnrin náà lọ́wọ́. "Àǹtí, onílé ni kẹ́ ẹ wá lọ, ẹ má fún ọkùnrin yìí."

Ejẹ́ǹtì fò dìde. "Ṣé ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni?"

"Iṣẹ́ wo?"

Nígbà tí mo délé, bàbá yín àgbà káwọ́ lérí. "Owó dọ́wọ́ rẹ tán, o tún gbé e jáde?"

Tíṣà yẹn ló bá wa sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níwájú àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n ní kí ejẹ́ǹtì tú páànù rẹ̀ tà, kó fi san owó wa. Díẹ̀díẹ̀ lowó ń wọlé. Kó tó pé, onílé yàrá méjì yẹn ti gba ẹlòmíràn, ti Ṣàngó ti kó ẹrù wa síta, òjò sì ti pa bẹ́ẹ̀dì àti àpótí aṣọ wa. Yàrá kan ṣoṣo la padà rí, èmi fúnra mi ni mo ka owó rẹ̀ lé onílé lọ́wọ́.

Ejẹ́ǹtì wá ń bínú sí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í kí mi mọ́, bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.