Fikri àti Róòlù Kẹfà

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí àwọn ará àdúgbò wa ní Mansura tó ra búrẹ́dì, wọ́n á kọ́kọ́ lọ ka ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Fikri, tí gbogbo wa ń pè ní Ústà, ìyẹn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Kẹ̀kẹ́ ni Fikri ń tún ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ló wà lára ilẹ̀kùn náà. Orúkọ fíìmù méje ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ síbẹ̀, fíìmù àtijọ́ tó yẹ kéèyàn wò, kó tún padà wò. Ìyàwó oníbúrẹ́dì kì í tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ títí yóò fi mọ ohun tí ilẹ̀kùn wí. Mẹ́fà nínú méje náà a máa yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá ni kì í kúrò níbẹ̀: Fèrèsé Zahira. Kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn lórí rẹ̀, nítorí fíìmù náà ti sọnù láti ogójì ọdún ó lé mẹ́ta. Tẹlifíṣọ̀n kò fi í hàn rí. Ẹnu Fikri nìkan ni àdúgbò ti wò ó, wọ́n sì ti wò ó níbẹ̀ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún.

Fikri mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Bó bá ń lẹ táyà, ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá ń fi oyè dá àwọn tó ń fi ẹnu ṣe ọ̀gá lọ́lá, òun ì bá ti gba méjì, kí òun sì máa bèèrè ìkẹta. Nítorí ohun kan wà tí àdúgbò kò mọ̀. Fikri kò rí òpin Fèrèsé Zahira rí.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, kì í ṣe pé ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gígùn ló ń gùn ún. Sinimá méjì ló ń pín fíìmù kan lò nígbà náà, ọ̀kan ní Mansura níbí, ìkejì ní Talkha ní òdìkejì odò. Agolo tí wọ́n ká fíìmù sí ni wọ́n ń pè ní róòlù, róòlù mẹ́fà sì ni fíìmù kan. Bí Mansura bá ti wo róòlù kan tán, Fikri á dì í sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á sáré gba orí afárá lọ sí Talkha, á sì sáré padà wá gbé èyí tó kàn. Díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti wo róòlù márùn-ún pé. Ìkẹfà ni kò bọ́ sí i. Nígbà tí Mansura bá ń wo ìkẹfà, òun wà lórí afárá pẹ̀lú ìkarùn-ún. Nígbà tó bá sì gbé ìkẹfà dé Talkha, ó gbọ́dọ̀ tètè kọjá padà kí wọ́n tó ṣí afárá fún ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dúró wo òpin fíìmù kan. Wọ́n ṣí afárá, Fikri sùn sí Talkha, kí ó sì tó délé láàárọ̀, aládùúgbò méjì ti wá bá ìyá rẹ̀ kẹ́dùn. Ìyá náà mú un búra pé kò ní dán an wò mọ́.

Nítorí náà ó wá ń ka òpin fíìmù lójú àwọn tó ń jáde. Bí àwọn obìnrin bá ń nu ojú, ẹnì kan ti kú nìyẹn. Bí àwọn ọkùnrin bá ń gbá ara wọn léjìká, wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í rí. Ọ̀sẹ̀ Fèrèsé Zahira nìkan ni ojú wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n jáde ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọkùnrin kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń fọwọ́ pa kọ́là ẹ̀wù ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Fikri kò lè bi í. Ta ni yóò gbọ́ pé ẹni tó ń gbé fíìmù kiri kò mọ ibi tí fíìmù já sí?

Ọ̀ràn ì bá tán síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Insaf. Ọmọ akọ̀wé rélùwéè ni Insaf, ilé wọn wà lẹ́sẹ̀ afárá, bàbá rẹ̀ kò sì gbà kó fẹsẹ̀ tẹ sinimá. Ó máa ń so agbọ̀n mọ́ okùn láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó fi ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà nísàlẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ń ta nǹkan sínú agbọ̀n, Fikri náà ń ta ìtàn sí i. Ó di pé ojoojúmọ́ ni ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń já lábẹ́ fèrèsé kan náà. Lọ́jọ́ Ajé ó sọ róòlù kìíní: bí Hasan tó ń lọ aṣọ fún àwọn ará òpópónà ṣe fẹ́ràn Zahira, tó sì ń fi òdòdó jásímínì kan sínú àpò ẹ̀wù bàbá Zahira kí ó lè dé ọwọ́ ọmọ. Lójoojúmọ́, róòlù kan. Nígbà tó di róòlù karùn-ún, ẹnjiníà kan ti fi òrùka sí Zahira lọ́wọ́, Insaf sì ti dẹ́kun jíjẹun.

Lọ́jọ́ kẹfà ó bi í pé kí ló wá ṣẹlẹ̀. Ẹnu Fikri kò dúró de Fikri. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an, bí ìlù ṣe ń dún nínú ilé, Zahira bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́ kí bàbá rẹ̀ má baà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù Hasan lọ. Insaf fi gúáfà kan sínú agbọ̀n, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí i. Fikri jẹ gúáfà náà tòun ti hóró inú rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, apòògùn kan wá tọrọ Insaf. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì, ó ní mọ́tò. Bí bàbá ṣe ń bu omi ṣúgà olódòdó fún àwọn àlejò nínú yàrá, Insaf bọ́ bàtà, ó gbé e lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di ilé àbúrò ìyá rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun níbẹ̀ títí bàbá fi gbà kó fẹ́ Fikri.

Ohun tí Fikri gbé lé àyà fún ogójì ọdún ó lé mẹ́ta nìyí. Obìnrin náà kọ apòògùn nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Apòògùn ti ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta báyìí, pẹ̀lú iná aláwọ̀ ewé lókè wọn. Bí Fikri bá ń kọjá, ó máa ń wo iná yẹn, á sì bi ara rẹ̀ pé irú ọkùnrin wo ló ń fi irọ́ kan ṣoṣo gbé ìyàwó. Á tún dáhùn pé irú èyí tí kò ní mọ́tò ni.

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, Shehata, tí à ń pè ní Mẹ́lìmù bí ẹni ń pe ọ̀gá, tó ni ilé tíì ìsàlẹ̀ ilé wọn, gbé ìwé ìròyìn wá sí ṣọ́ọ̀bù Fikri. Wọ́n ti rí ẹ̀dà kan Fèrèsé Zahira nínú ẹrù olóògbé kan. Tẹlifíṣọ̀n yóò fi í hàn lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Shehata ní gbangba ni òun yóò gbé tẹlifíṣọ̀n sí, kí gbogbo àdúgbò wá wo fíìmù Ústà. Fikri kí i kú oríire. Táyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lẹ̀ ẹ́ síbi tí kò jò.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Fikri rò pé ti òun tilẹ̀ sáré dáadáa, ó lo ìlọ́po méjì. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó lọ kí Sawsan, ọmọ wọn, ní Damietta lọ́jọ́ Jímọ̀. Insaf ní Sawsan gan-an ló ń bọ̀ wá wo fíìmù. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ náà, àgbà ọkùnrin gun òrùlé lọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí àwo tẹlifíṣọ̀n ilé tíì lọ́rùn kó má lè gba àwòrán mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Àṣé àwo Ústáàsì Lamei, tíṣà àjà kejì, ló yí. Lamei kò rí nǹkan kan wò nílé rẹ̀, ó gbé àga, ó wá jókòó níwájú pátápátá nílé tíì. Àwòrán ibẹ̀ mọ́ gaara.

Gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀. Insaf àti Sawsan jókòó lókè, lójú fèrèsé wọn, pẹ̀lú àwo hóró bàrà yíyan láàárín wọn. Ìsàlẹ̀ ni Fikri wà. Adìẹ ló bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bí fíìmù ṣe ń lọ, àwọn èèyàn ń sọ ọ̀rọ̀ kí Hasan tó sọ ọ́, wọ́n sì ń bojú wo Fikri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín padà bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín fún.

Nígbà tó yá, ó bá ara rẹ̀ níbi tí kò dé rí. Róòlù kẹfà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbàgbé ẹ̀rù. Ìránṣẹ́ kan gbé ẹ̀wù funfun wá fún Hasan pé kó lọ̀ ọ́ kíákíá. Ẹ̀wù ọkọ ìyàwó ni. Hasan wọ́n omi sí i. Ó lọ apá kan, ó lọ apá kejì, ó lọ kọ́là, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìgbà téèyàn ń tọ́jú ọmọ. Ó ká ẹ̀wù náà, ó fi jásímínì kan sínú àpò rẹ̀, ó gbé e fún ìránṣẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó parí. Omi ń dà lójú Fikri. Ó dùn ún wọra pé ohun tó dára tó báyìí, òun ló ń gbé e kiri lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, òun kò mọ̀.

Shehata ló kọ́kọ́ dìde. "Wọ́n ti gé e," ó ní. "Bàtà dà? Zahira tó ń sọ̀ kalẹ̀ dà? Ibi tó dùn jù ni wọ́n gé!"

Ariwo sọ. Lamei ní òun yóò kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ ọ̀la, wọn ò lè fi àdúgbò odidi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Fikri bá dákẹ́ nígbà náà, ó bọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Hasan ṣì wà lójú rẹ̀, kò lè jẹ́ kí wọ́n bú u.

"Wọn ò gé nǹkan kan," ó ní. "Èmi ni mo pa irọ́. N kò rí òpin fíìmù yìí rí, àfi lónìí."

Shehata fọwọ́ gbá a léjìká. "Ústà, ẹ má bẹ̀rù wọn. Ìjọba tó gé e ò ní torí fíìmù mú àgbàlagbà bíi yín."

Fikri búra. Ó sọ̀rọ̀ afárá, ó sọ ti ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ẹ ò rí i bí ọmọlúàbí ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, pé kò fẹ́ kó ẹnikẹ́ni sí wàhálà. Wọ́n gbé tíì fún un. Ogójì ọdún tó fi purọ́, wọ́n gbà á gbọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó sọ òótọ́, ó di òpùrọ́. Ó gbójú sókè. Kò sẹ́nìkan lójú fèrèsé mọ́.

Ó gun àtẹ̀gùn lọ. Nígbà tó dé àjà kìíní, ó rí i pé òun ti bọ́ bàtà, ó sì gbé e lọ́wọ́, kí ìyàwó má baà gbọ́ ẹsẹ̀ òun. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ níbẹ̀. Zahira gbé bàtà torí ìfẹ́, òun gbé tiẹ̀ torí ojo, Zahira yẹn pàápàá kò sì gbé e.

Insaf dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta lẹ ń sá fún, Bàbá Sawsan, tí ẹ gbé bàtà lọ́wọ́?"

"Ìyá Sawsan, irọ́ ni mo fi gbà ọ́ lọ́wọ́ apòògùn."

Insaf sọ fún un pé lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì tí Fikri parí ìtàn náà fún òun, òun purọ́ fún bàbá òun pé òun fẹ́ lọ sùn lọ́dọ̀ àǹtí òun ní Talkha. Àǹtí náà mú un wọ sinimá. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí Zahira tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kí róòlù tó gbẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀, ó rí Fikri tó fi agolo kan lé wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó sì fò sórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Ó wá wo ẹ̀wù ọkọ ìyàwó títí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ tán.

"O mọ̀ láti ìgbà yẹn?" Fikri ní. "Kó tó di pé apòògùn wá?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o fi bọ́ bàtà?"

"Mo ro ti fíìmù, mo ro tiyín, mo ní tiyín ló tẹ́ mi lọ́rùn." Ó gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó o sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. "Zahira ò sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Sawsan. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá jẹun, Sawsan ti gbé oúnjẹ sílẹ̀."