Ẹ̀wù Tí Bàbá Fi Ń Fín Kòkó

Ọmọ ọmọ mi já páàdì tuntun lánàá, òórùn lọ́fínńdà sì gba gbogbo yàrá. Òórùn tí èmi mọ̀ mọ́ nǹkan oṣù kì í ṣe ti lọ́fínńdà rárá. Òórùn oògùn kòkó ni.

Òkè-Ìlá ní Adó la wà nígbà náà, èmi àti Bọ́láńlé, ọ̀rẹ́ mi. A ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama, àkísà la sì ń lò. A ó fọ̀ ọ́ ní kọ̀rọ̀, a ó sá a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí oòrùn kò lè dé, bí ẹni pé a jí i. Ká béèrè aṣọ lọ́wọ́ ìyá ẹni? Ó tẹ́ wa lọ́rùn ká jẹ iyanrìn.

Bàbá Bọ́láńlé ní oko kòkó lọ́nà Ìjàn. Ẹ̀wù tó fi ń fín oògùn máa ń dá gbé lórí ìṣó lẹ́yìnkùlé, ìyá Bọ́láńlé kì í jẹ́ kí a fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ mìíràn. Nígbà tí bàbá ra òmíràn, Bọ́láńlé mú ti àtijọ́, nítorí ó ti gbó, ó sì rọ̀. Ó ní, "Èyí lẹnìkan ò ní í béèrè." Èmi ni mo bá a di apá kan mú tí a fi fà á ya. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a ní ó ti mọ́. Ọgbọ́n orí wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Lọ́jọ́ kejì tó lò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní kíláàsì, ó sì ṣubú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ibà ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ibà, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó lanu sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù náà fún nọ́ọ̀sì, tí ọ̀rẹ́ mi ti ń gbọ̀n láti àárọ̀, tí itan rẹ̀ ti bó. Ẹnu ṣì ń yà mí pé mo lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bọ́láńlé yè é. Ìyá rẹ̀ kò na ẹnikẹ́ni. Ó kàn káwọ́ lérí, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Aṣọ kún ulé mi! Bọ́láńlé, aṣọ kún ulé mi!"

Páàdì ti wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Adó báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rá dúdú ni wọ́n fi wé ti ọmọ ọmọ mi, kí ènìyàn má baà rí i. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ gba olóòórùn yìí. Ó wolẹ̀. Ó ní ó ti ń yún òun láti oṣù tó kọjá, ojú ló ń ti òun láti sọ.

Mo gba páàdì náà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo ní, "Ọmọ mi, aṣọ kún ulé mi."