Mojí Bá Bàbá Sọmọ Lórúkọ

Ní Nyékonakpoè, àdúgbò kan nílùú Lomé, bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá gba ohùn lẹ́nu ẹnìkan, Mojí ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ọmọ Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Yóò wẹ aláìsàn, yóò fún un lóúnjẹ, yóò fi òróró wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni pé ó ń bá àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ jíṣẹ́ ọkàn wọn. Yóò di ọwọ́ tó ṣì lágbára mú, yóò máa bi wọ́n ní ìbéèrè; ẹni tó bá fẹ́ ní "bẹ́ẹ̀ ni" á tẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti jíṣẹ́ fún ìyàwó, fún alájọṣòwò, àní fún pásítọ̀ kan tí inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá. Wọ́n bú u, ṣé ó dákẹ́? Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Bàbá Akínyẹlé, télọ̀ tó ti Atakpamé wá, ló wá kó o sí wàhálà. Kí àìsàn yìí tó dá a wó, ó ti lé Sandrine ọmọbìnrin rẹ̀ jáde nílé, nítorí pé ó lóyún láìrí ọkọ fi hàn. Oyún di ọmọ. Wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ ní Zanguéra, níbi tí Sandrine ń gbé, àmọ́ Honoré, àkọ́bí bàbá, tó ń sanwó Mojí, tó sì ń rìn bí ẹni pé òun ló ni gbogbo Lomé, ní ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò gbọdọ̀ fún un lórúkọ. Ọmọ tí ẹbí kò bá sì fún lórúkọ, ta ló máa kà á mọ́ra? Bàbá gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Inú bí Mojí. Ó di ọwọ́ òsì bàbá mú.

"Bàbá, ṣé ẹ lórúkọ fún ọmọ yẹn?"

Bàbá tẹ ọwọ́ rẹ̀. Mojí wá ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, títí ó fi kan èyí tí bàbá tẹ ọwọ́ rẹ̀ sí, tí kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, abọ́ omi wà láàárín ilé. Gbogbo wa la mọ àṣà: ẹni tó bá ti sọ owó sínú omi lẹ́tọ̀ọ́ láti pe orúkọ, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Honoré wọlé, ó ní ọ̀rọ̀ bàbá lòun bá wá. Kó tó sọ ọ́ tán, owó Mojí ti dún nínú abọ́.

"Bàbá Akínyẹlé ní kí n sọ ọ́ ní Títílayọ̀."

Orúkọ ìyá tó bí bàbá nìyẹn. Honoré ti bẹ̀bẹ̀ fún orúkọ náà nígbà tó bí àwọn ọmọbìnrin tirẹ̀, bàbá kọ̀ jálẹ̀.

"Irọ́ ni, Tanti Mojí! Àwọn ọmọ tèmi ò rí orúkọ yẹn gbà, ọmọ tí kò ní bàbá ló máa wá gbà á? Papa ò lè sọ̀rọ̀!"

"Ta ló ń sọ tìẹ?" Mojí dá a lóhùn. "Bàbá wà nínú tàkísí lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo gbé wọn wá. Lé mi lẹ́nu iṣẹ́ bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n lọ bi wọ́n!"

Honoré kò mira. Sandrine ló dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó jáde lọ bá bàbá tó lé e. Mojí ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò bi bàbá ní nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ òsì bàbá ti di aṣọ ọmọ náà mú, ó ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Nínú ilé, ẹnìkan sọ owó sínú omi, ó pe Títílayọ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, títí gbogbo ẹbí fi pè é tán tí wọ́n yíjú sí Honoré. Ó pẹ́ kó tó ki ọwọ́ bọ àpò.