Àkùkọ Tí Ó Wá Kọ́ Besibọ́ọ̀lù ní Mákùn

Títí di òní, bí mo bá rí àkùkọ pupa lójú ọ̀nà, ẹ̀rín ni mo máa ń bú sí, àwọn tó bá jókòó tì mí nínú mọ́tò á sì máa wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ní pápá Mákùn, ní Ṣàgámù, ló fà á.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣàgámù ni mo ti ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ìtòsí Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nítorí bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì tí ìjọ wa dá sílẹ̀ lágbègbè náà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ besibọ́ọ̀lù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà fẹ́ràn eré lọ. Nígbà tí mo rí i pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi mọ̀, mo kó àwọn díẹ̀ jọ, ọkùnrin àti obìnrin. Ọjọ́ Sátidé kò ṣeé ṣe fún mi nítorí òun ni Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi ìjọ wa. Àwọn onígbàgbọ́ yòókù ní àwọn lè wá lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní ọjọ́ yòówù tó bá wù wá ló wu àwọn. Bí a ṣe mú ọ̀sán Sọ́ńdè nìyẹn.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, ẹlòmíràn á fi igi gbá a, á sì sáré lọ sí ibi àmì kan tí a ń pè ní béèsì. Iṣẹ́ àwọn tó wà nínú pápá ni kí wọ́n mú bọ́ọ̀lù náà, kí wọ́n sì jù ú sí ẹnìkejì wọn tó dúró lórí béèsì kí ẹni tó ń sáré tó débẹ̀; bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Gbígbá kò nira láti kọ́ ọmọ. Inú ọmọ wo ni kì í dùn tí wọ́n bá fún un ní igi tí wọ́n ní kó máa fi la nǹkan? Mímú ni wàhálà. Bọ́ọ̀lù á máa yí bọ̀ nílẹ̀, á máa ta lórí gbogbo ibi tí òjò ti gbẹ́, bó bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan á gbé ẹsẹ̀ sókè, àwọn kan á fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ti àwọn mìíràn á gba àárín ẹsẹ̀ wọn kọjá lọ tààrà sínú koríko. Ìbọ̀wọ́ aláwọ tí a fi ń mú un kò tó wa, ẹni méjì ló ń pín ọ̀kan lò.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Sábó, níbi tí ìyá náà ti ń ta obì. Ẹsẹ̀ ọmọ náà yá ju ti gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, yóò di ojú pinpin, yóò yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì na ọwọ́ síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

"Lajú!" ni mo máa ń pariwo.

"Àǹtí, mo lajú," ni yóò wí, tòun ti ojú tó dì.

Sọ́ńdè kan, ó sú mi. Mo pe gbogbo wọn jọ. "Ta ló ti mú adìẹ rí?"

Gbogbo wọn nawọ́.

"Bí adìẹ bá ń sá bọ̀, ṣé ẹ máa ń dúró kẹ́ ẹ máa wò ó ni?"

"Rárá, mà!"

"Ṣé ẹ máa ń dijú?"

"Rárá, mà!"

"Ẹ ṣe bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é, kí n rí i."

Ẹ ò bá rí wọn. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n la ẹsẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ojú wọn kò kúrò lára adìẹ tí kò sí níbẹ̀. Ìdúró tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n fún láti ọjọ́ yìí wá rèé! "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!" ni mo wí. "Ẹ lọ sílé, ẹ lọ fi adìẹ kọ́ ọ." Mo rò pé àwàdà ni mo ṣe.

Nígbà tó di Sọ́ńdè kejì, ọmọbìnrin yìí dé pẹ̀lú báàgì ńlá kan tó ń mira.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Adìẹ ni, mà. Ẹ ní ká fi adìẹ kọ́ ọ."

Kí n tó la ẹnu, ó ti fa síìpù. Àkùkọ pupa kan yọ orí síta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fò jáde.

Ẹ gbà mí! Àkùkọ náà gba béèsì kìíní, ó gba ti kejì, ó ń lọ bí ẹni tó mọ òfin eré náà. Ọmọkùnrin tó sanra jù nínú wọn fò mọ́ ọn, ìyẹ́ ìrù kan ṣoṣo ló bá a dìde. Àwọn méjì forí sọ ara wọn. Àwọn ọlọ́kadà dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti wọ pápá, ó fi akoto orí rẹ̀ ṣe pàkúté. Èmi náà ń sáré kiri, mo ń ké pé, "Ẹ tẹ̀ ba! Ẹ má dijú! Ẹ lọ pàdé ẹ̀ níwájú!" Àárín ariwo yẹn ló tó yé mi pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà gan-an ni mò ń kọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà kan dúró, ìyá àgbàlagbà kan sì sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìborùn lé èjìká. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà ni àkùkọ náà dorí kọ. Ọmọbìnrin yìí sáré yọ sí i níwájú, ó tẹ̀ ba, ojú rẹ̀ là kedere. Àkùkọ yà sósì, òun náà yà sósì. Àkùkọ yà sọ́tùn-ún, ó ti débẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó mọ́lẹ̀, níwájú ẹsẹ̀ ìyá náà.

Ìyá náà wo ọmọ, ó wo àkùkọ, ó wò mí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ọmọ náà ń wí, láìdá àkùkọ sílẹ̀.

Mo sáré dé, mo kúnlẹ̀, mo kí i. Èdè Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ ni ìyá náà fi dá mi lóhùn, ìdajì rẹ̀ kò yé èmi tí mo dàgbà sínú ọgbà yunifásítì, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "adìẹ", mo sì gbọ́ "olè". Lẹ́yìn náà ló wá fi Yorùbá tó yé mi bi mí.

"Ìwọ ni tíṣà?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ lo ní kí ọmọ ọmọ mi gbé àkùkọ tí mo ń sìn de ìtúnu ààwẹ̀ wá?"

"Rárá, mà. Bọ́ọ̀lù ni. Mo kàn fi adìẹ ṣàpẹẹrẹ ni, bí a ṣe ń mú un..." Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà ń dún bí irọ́ létí èmi fúnra mi.

Ó gba àkùkọ, ó há a sí abíyá, ó padà jókòó sórí ọ̀kadà tó gbé e wá. "Ẹ ṣe é kí n rí i."

Mo mú igi. Mo ní kí ọmọ náà dúró sí àyè rẹ̀, mo sì rọra gbá bọ́ọ̀lù sí i nílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń bọ̀, mo rí i tí ojú rẹ̀ ń pa dé.

"Lajú, ìwọ ọmọ yìí!" ni ohùn kan bú jáde lórí ọ̀kadà. "Adìẹ ni!"

Ojú là. Ọmọ tẹ̀ ba, bọ́ọ̀lù wọnú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ́ẹ́, ó fi ọwọ́ kejì bò ó, ó dìde, ó jù ú sí béèsì kìíní. Ariwo sọ!

"Òmíràn," ni ìyá náà wí.

Mo gbá òmíràn, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó mú un. Mo gbá èyí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sáré bá a, ó mú ìyẹn náà. Inú ìyá dùn débi pé ó fò dìde, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ méjèèjì!

Àkùkọ tún ti lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ayé ló lé e, ìyá náà ká ìró sókè, òun ló ṣíwájú. Èmi ò lè sáré. Mo dùbúlẹ̀ sínú koríko, mo ń rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ọlọ́kadà tó wọ pápá yẹn ló padà fi akoto rẹ̀ dé e mọ́lẹ̀, ó sì ń yan kiri bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Kí ìyá náà tó máa lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ nílé," ló wí. "Láìpẹ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi nípa béèsì. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀, á ṣì máa sọ ọ́. Èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ béèsì. Ṣáà máa kọ́ ọ." Ó há àkùkọ rẹ̀ sí abíyá, ó gun ọ̀kadà lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sọ́ńdè tí kì í wá. Àga rẹ̀ ló ń gbé wá, ó sì ń kígbe "Adìẹ ni!" mọ́ gbogbo ọmọ, títí àwọn ọlọ́kadà náà fi ń bá a kígbe. Kí ẹ sì wò ó, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó yá, a lọ bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan díje ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n nà wá. Wọ́n ti ń ṣe eré náà tipẹ́, igi wọn dára, aṣọ wọn bára mu. Ṣùgbọ́n bí eré ṣe ń parí lọ, ẹni tó ga jù nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù kan nílẹ̀, ó ń fò bọ̀ bí ọta. Ọmọ Sábó wa yìí bá a níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè dé, ó mú un, ó yí, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù dé béèsì ṣáájú géńdé yẹn. Àwọn ọmọ mi sáré wọ pápá, wọ́n gbé e sókè bí ẹni pé àwa la borí. Kóòṣì wọn ń wò wá tìyanu-tìyanu.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sí Ṣàgámù, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ mọ́tò, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni ó ń lé orin. Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ̀ o! Ẹ̀yin lẹ borí?"

"Rárá, sà!" ni gbogbo wọn fi ohùn kan dáhùn, wọ́n sì tún gbé orin náà sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.