Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Mo Fún Dókítà

Dókítà mẹ́ta ló ti wá, tó sì ti lọ, nílé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí wa ní Ìnísà. Ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ dágbére. Kánádà la gbọ́ pé ó wà. Ọ̀sẹ̀ tí dókítà yẹn lọ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ọkọ mi ṣánlẹ̀, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ sì rọ. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí ẹ̀kẹrin dé, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa, mi ò bá a rẹ́rìn-ín.

Ká sòótọ́, ó mọṣẹ́. Láàárín oṣù méjì tó pààrọ̀ oògùn, ọkọ mi ti ń fọwọ́ òsì di ife mú. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà: bí èyí náà bá lọ ńkọ́?

Ni mo bá dán an wò. Ẹni tó bá gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ á dúró jẹ ẹ́. Mo fún un lọ́mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, mo fi ẹ̀yìnkùlé hàn án. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Ó kó wọn sínú mọ́tò, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò gbin nǹkan kan sẹ́yìnkùlé. Háà! Mo ní ó ti dà wọ́n nù nìyẹn.

Gbogbo Sátidé ló ń gbé báàgì lọ sí Ìkìrun.

"Dókítà, ibo nìyẹn?"

"Mo ń lọ kàwé ni, Mọ́mì."

Ìwé kí ni dókítà tún ń kà? Èmi tí mo ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣé mi ò mọ ẹni tó ń múra ìdánwò àtilọ sókè òkun ni?

Àwọn àgbà ìlú ń tún ilé kan ṣe fún un lọ́wọ́. Mo dìde nípàdé, mo ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹni tẹ́ ẹ ń túnlé ṣe fún ti palẹ̀ ẹrù mọ́." Wọ́n gbà mí gbọ́, tíṣà àgbà kì í parọ́. Iṣẹ́ ilé dúró.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀. Kò bá mi jà. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ní ilé ìwòsàn kan ní Òkukù ti gba òun, wọ́n sì ti fún òun nílé, òun ń kó lọ síbẹ̀. Òkukù! Kì í ṣe Kánádà.

"Mọ́mì, ìdánwò dókítà ìdílé ni mò ń múra ẹ̀," ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, "kí n lè dúró síbí."



Ọjọ́ tí mo mú ọkọ mi lọ fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì nìkan la bá. Lẹ́yìn fèrèsé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ti yọ ewé gbàǹgbà. Nọ́ọ̀sì ní dókítà ló gbìn wọ́n, ó ní kí àwọn aláìsàn máa rí i jẹ.

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Kí ló lé ọmọ yẹn lọ?"

Mo ní mi ò mọ̀.