Etù Ìyá Tí Mo Fi Ìbú Kọ́

Bí ẹ bá dé Festac tí ẹ béèrè Ràṣídì tó ń kọ́ kọ́tíìnì, wọn á júwe mi fún yín. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gun àkàbà ní pálọ̀ onípálọ̀. Kọ́tíìnì ni o, dígí ni o, fọ́tò ìgbéyàwó ni o, kò sí èyí tí n kì í gbé kọ́. Àwọn oníbàárà mi máa ń yìn mí pé ọwọ́ mi tọ́. Bí wọ́n bá ti ń yìn mí báyìí, ńṣe ni ojú máa ń tì mí, torí aṣọ kan wà tí mo fi ìbú kọ́, tí mo sì fi ẹnu ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ọmọ ìyá méjì ká.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí. Ahunṣọ ni bàbá mi, ìdí òfì ni mo dàgbà sí. Ẹni tó bá mọ aṣọ òkè á mọ̀ pé kì í fẹ̀ kúrò lórí òfì. Tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, wọ́n á wá rán àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó di ìró tàbí agbádá. Bàbá mi kì í yé sọ ọ́ fún wa pé, "Òwú ló lágbára, ìránpọ̀ ò lágbára. Ẹ má gbé ẹrù òwú ru ìránpọ̀." Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Lójú tèmi nígbà yẹn, iṣẹ́ ará oko ni òfì. Mo sá wá sí Èkó.

Àǹtí Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ló ni ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Àǹtí Yétúndé, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá wọn ṣaláìsí, ó fi àpótí aṣọ ńlá kan sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí ìyá bá ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń pín aṣọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Àǹtí Fọlákẹ́ tó wà lókè òkun ló mú àbá wá pé kí wọ́n má pín in. Ó ní kí wọ́n gé díẹ̀ lára aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di aṣọ ńlá kan, kí wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ tiwọn. Kúílìtì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Wọ́n rán an. Àdìrẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àǹkárá àti léèsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n etù, aṣọ òkè tí ìyá wọn fi ṣègbéyàwó, ló wà láàárín, ó dúdú, ó wúwo, àwọn ojú tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ láti òkè délẹ̀. Àǹtí Yétúndé kò fẹ́ kí wọ́n fi àlùmọ́gàjí kan etù yẹn rárá. Wọ́n gé e. Gbogbo ilé mọ̀ pé inú rẹ̀ ò dùn sí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kọ́ ọ, òkè àga ńlá inú pálọ̀ ni Àǹtí Fọlákẹ́ fẹ́ ẹ sí, kí àlejò máa rí i bó bá ti wọlé. Ògiri yẹn fẹ̀, kò ga. Bí mo bá kọ́ aṣọ náà bó ṣe yẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wọ ẹ̀yìn àga. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Àǹtí, ògiri yìí kọ́ ló yẹ ẹ́." Ṣùgbọ́n ẹnìkan ń dúró dè mí ní Alákijà, ara ń kán mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìbú kọ́ ọ, mà. Á bá ògiri mu wẹ́kú." Mo yí aṣọ ìyá onílé dùbúlẹ̀, àwọn ojú ìránpọ̀ rẹ̀ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo fi kílíìpù eléyín mẹ́fà gbá a létí mú, irú èyí tí mo fi ń kọ́ kọ́tíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Àǹtí Yétúndé dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń wò mí.

"Ràṣídì, ṣé kò ní já lójú ìránpọ̀ báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ha, Àǹtí! Èmi ọmọ ahunṣọ? Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Bàbá mi wà nínú ilẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, mo fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ pa obìnrin lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi láti kékeré ni obìnrin yẹn ń sọ fún mi o.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìpè wọlé. "Ràṣídì, máa bọ̀ wáá wo nǹkan." Ohùn Àǹtí Fọlákẹ́ le. Nígbà tí mo dé, ìdajì aṣọ ti wó sórí àga. Etù ti ya láàárín, ó gùn tó apá mi. Mi ò tí ì kọjá ẹnu ọ̀nà tí mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kílíìpù ṣì di òkè mú, òwú etù ò já, ìránpọ̀ nìkan ló tú tẹ̀lé ara wọn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ẹrù òwú ni mo gbé ru ìránpọ̀. Kò sẹ́ni tó fà á.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó ṣáájú, Àǹtí Yétúndé ti gbọn eruku ara aṣọ náà.

Àǹtí Fọlákẹ́ kọjú sí mi. "Ìwọ lo mọ iṣẹ́. Ṣé ẹnìkan fà á ni?"

Àǹtí Yétúndé wà níbẹ̀, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ń dúró de ẹnu mi.

Mo rò ó pé ta ló tún máa pe Ràṣídì bí wọ́n bá gbọ́. Mo rò ó pé ní òpópó kúlọ́ọ̀sì yìí nìkan, ilé mẹ́jọ ni mo ń ṣiṣẹ́ fún. Mo ní, "Ó jọ pé wọ́n fà á, mà."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àǹtí Fọlákẹ́ yíjú sí àbúrò rẹ̀. "O ò fẹ́ kí wọ́n gé e tẹ́lẹ̀. Ṣé ọkàn rẹ ti wá balẹ̀ báyìí?" Àǹtí Yétúndé ò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ló wò. Ó wò mí títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn dírìlì tí mi ò tilẹ̀ lò. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ọmọ rẹ̀ ní Alákijà. Àwọn obìnrin méjì tó jọ ń jẹun láti kékeré kò kí ara wọn mọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́fà tó jáde lẹ́nu mi ló fà á.

Mo ń jẹun, mi ò mọ adùn rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí ló ń ṣe mí, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Bí mo bá ní iṣẹ́ ní Alákijà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà kí n má baà pàdé rẹ̀.

Nígbà tó yá, Àǹtí Fọlákẹ́ tún pè mí. Télọ̀ ti bá a rán ojú ibi tó tú. Mo gun àkàbà, mo kó kílíìpù sọ́wọ́. Àǹtí dúró sísàlẹ̀, ó ń na aṣọ náà sí mi. "Kọ́ ọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀," ló wí. "Yétúndé ò sí ńlé mọ́. Kò sẹ́ni tó máa fà á."

Ọwọ́ mi dá dúró. Bí mo bá kọ́ ọ, á tún tú, kò sì ní sí Yétúndé tí mo máa tì í sí lọ́rùn. Ká tiẹ̀ ní kò tú, ṣé bí obìnrin yẹn á ṣe máa wà ní Alákijà títí ayé rèé? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé oṣù méjì. Mo sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnì kankan ò fà á. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́."

Kò kọ́kọ́ yé e. Mo ṣàlàyé tẹ́ẹ́rẹ́, mo ṣàlàyé ìránpọ̀, gbogbo ohun tí bàbá mi sọ. Nígbà tó yé e, kò pariwo. Ó ní, "O jẹ́ kí n lé ọmọ ìyá mi jáde." Ó wọlé lọ mú gèlè. "Dìde. Ẹnu tí o fi bà á jẹ́ lo máa fi lọ tún un ṣe."

Ní Alákijà, Àǹtí Yétúndé ń ṣa ìrẹsì nínú àtẹ. Mo tún dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ó ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí léèrè ẹyọ kan.

"Lọ́jọ́ yẹn, ṣé o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, mà."

"Ìwọ ọmọ Ìṣẹ́yìn."

Bó ṣe wí nìyẹn. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi. Àǹtí Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, pé Ràṣídì ló tan òun. Àbúrò rẹ̀ gbé àtẹ kalẹ̀. "Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni Ràṣídì sọ. Ẹ̀yin lẹ gbà á gbọ́." Àǹtí Fọlákẹ́ bú sẹ́kún. Mo jáde síta, torí èyí tó kù kì í ṣe tèmi láti gbọ́.

Àǹtí Yétúndé kò padà lọ́jọ́ yẹn, kò sì padà lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó wá padà, òun fúnra rẹ̀ ló tú iṣẹ́ télọ̀ yẹn, tó sì tún un rán. Àǹtí Fọlákẹ́ ní kó lo òwú dúdú kó má baà hàn. Ó ní rárá, funfun lòun fẹ́, kó hàn. Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Èmi náà tún tèmi ṣe. Mo ra aṣọ funfun tó yi, mo rán an sẹ́yìn kúílìtì náà lókè bí ojú okùn ṣòkòtò, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, mo ti ọ̀pá onígi bọ inú rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ń kọ́ ọ, kí gbogbo òkè aṣọ jọ ru ẹrù náà. Mo gbé e lọ sára ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tó ga, tí oòrùn kì í dé. Òòró ni mo fi kọ́ ọ.

Aṣọ tó bá so rọ̀ láìsinmi a máa fà, nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi, kí n tó tún un kọ́. Mi ò gbowó rẹ̀ rí. Àtẹ̀gùn yẹn ò tẹ́jú fún àkàbà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá mi dì í mú nísàlẹ̀, Àǹtí Yétúndé ló sì máa ń wá. Lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, mo rí i pé orúnkún ń dùn ún. Mo ní, "Àǹtí, ẹ lọ jókòó, ẹ jẹ́ kí Àǹtí Fọlákẹ́ dì í mú."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"Gùn ún," ló wí. "Èmi ò ní fà á."